Ẹgbẹ̀ta

Ẹgbẹ̀ta ni wọ́n kọ sí i níkùn.
Mo fi owó àjọ oṣù mẹ́jọ rà á, tòkunbọ̀,
mo gbé e gun ọ̀kadà láti Ìta-Àmọ́dù wọ Òkèlele
bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta bọ̀ láti ọsibítù.

Ọ̀gá mi, Sùbérù, wò ó látòkè délẹ̀,
kò sọ nǹkan kan.
Fíláàṣì tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ọ̀ọ́dúnrún péré,
tápù ara wáyà rẹ̀ pọ̀ ju wáyà lọ,
agboòrùn fàdákà tí ọ̀pá kan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀ ni fìlà rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ẹgbẹ̀ta, ọ̀ọ́dúnrún:
ṣé a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe áfáà wá bá wa ṣírò ìyẹn ni?

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Sàfúrá amọ̀kòkò wọlé.
Ó ní òun fẹ́ fọ́tò ńlá kan,
irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri,
àmọ́ òun fẹ́ kọ́kọ́ rí i fúnra òun.
Ìbòrí funfun, ojú tó dúdú tó ń dán
bí ìkòkò gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi eèpo irúgbá sí.

Mo ki ẹgbẹ̀ta bọnú àpótí aṣọ rẹ̀,
aṣọ funfun kan nínú, òmíràn lóde,
mo tì í sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.
Mo ti rò pé alágbára kì í súnmọ́ni.
Ó ń súfèé, fíììì, ó ń mu iná,
jẹnẹrétọ̀ kérora lẹ́yìnkùlé,
iná ń kó jọ sínú rẹ̀ bí èébú nínú ẹni tó ń mú sùúrù,
ó di pàà!
Ọ̀gá na òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n ìyá.
"Márùn-ún ó lé díẹ̀."

Ó gbé arúgbó tirẹ̀ dìde ní kọ̀rọ̀,
ó gbé e sí ojú ẹsẹ̀ tèmi gan-an.
Pàà.
"Mẹ́jọ."
Tèmi méjì ló máa ṣe tirẹ̀ kan!
Mo ní òṣùwọ̀n ti bàjẹ́.
Ó tún un wọ̀n. Mẹ́jọ.
Mo ní bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ.
Ó ki tuntun sí i. Mẹ́jọ.

Ìyá, tí ẹnikẹ́ni ò bi, dá sí i:
"Ẹgbẹ̀ta yẹn, ṣé iye tó jẹ ni, àbí iye tó ṣe?"
Ọ̀gá yí padà bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
"Iye tó jẹ ni, Ìyá."
"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí igi tiwa náà nìyẹn.
Mo lè to igi àti koríko gbígbẹ dé àyà,
atẹ́gùn á gba tirẹ̀, ilẹ̀ tútù á gba tirẹ̀,
èéfín á kó tirẹ̀ gòkè lọ.
Ará àdúgbò á rí ọwọ́ iná, wọ́n á ní iná yìí mà pọ̀ o.
Ìkòkò nìkan ló mọ iye tó kan òun."

Mo wo àpótí mi.
Òmíràn ti di ooru lásán nínú gílóòbù,
aṣọ kìíní bù nínú èyí tó kù, aṣọ kejì bù,
àlàfo àárín èmi àti ìyá sì jẹ ìyókù bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ.
Mo bọ́ aṣọ inú. Mo fa ẹ̀rọ náà dé ìdajì ọ̀nà,
mo ní yóò di ìlọ́po méjì.
"Mẹ́rin," ni Ọ̀gá wí, kò gbójú sókè. "Rọra."
N kò rọra.
Ìbòrí ìyá di ẹfun, kò ku ìṣẹ́po kan nínú rẹ̀.

Mo wá yí bọ́tìnnì wálẹ̀,
ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ,
títí ẹgbẹ̀ta fi ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́
bí ẹni tó wọlé lóru tí kò fẹ́ jí ọmọ.
Ojú náà jáde. Okùn etí ìbòrí jáde.
Amọ̀ tó gbẹ sábẹ́ èékánná náà jáde,
èyí tí ìyá ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ kó tó kúrò nílé.
Ó ní kí n má yọ ọ́.

Mo ti lẹ tápù dúdú mọ́ ikùn ẹ̀rọ náà báyìí.
Bí oníbàárà bá bi mí pé mélòó ni fíláàṣì mi,
mo máa ń ní kó jókòó ná.